Ẹ Rán Mi Lọ Wa Dáńdá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àìrójú ara ẹni. Mo kúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí mo wà yìí kí n tó la ẹnu, nítorí pé bí inú ṣe ń bí mi tó, ẹ̀yin náà lẹ bí mi. Mo kí Bùráímọ̀ àbúrò mi. Mo kí Ràbí aya rẹ̀, ìyàwó wa. Mo kí àwọn àgbà ilé, àwọn ìyàwó ilé, àti gbogbo ọmọ tó ń sáré káàkiri àgbàlá yẹn tí n kò tíì rí ojú wọn. Mo kí ibojì bàbá mi, Ọlọ́run kó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Alfa Yìsá, àbúrò ọkọ mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ó ti gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé kí òun má fi oyin díẹ̀ sí i, pé ìyá ẹni ni ìyá ẹni. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ẹ̀yin alfa tí ẹ máa kà á ní Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á ní yàrá. Ẹ kà á ní àgbàlá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá pé. Kí àwọn ọmọbìnrin ilé jókòó síwájú. Ìyá mi, bí ẹ bá sì sọ pé kí wọ́n dá a dúró, mo bẹ Bùráímọ̀ kó ní kí wọ́n máa kà á lọ.

Ara wa le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sà ti kún, ilẹ̀ ilé wa kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ìkùukùu máa ń bo ojú omi débi pé a ó máa gbọ́ ohùn àwọn apẹja láìrí ọkọ̀ wọn. Làmídì ọkọ mi kò sinmi. Ẹja yíyan àti iyọ̀ ló ń kó lọ sí ọjà Èjìnrìn, iṣu àti epo ló ń gbé bọ̀. Kò lù mí, kò fi ebi pa mí, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́ríámọ̀ ọmọ mi ti ga jù mí lọ, imú yín ló gbé wáyé.

Àwọn ará ilé ọkọ mi ni ara wọn kò tíì balẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọ́n bá ọba wọn kúrò l'Ékòó nígbà ìjà tí àwọn òyìnbó fi lé e lórí oyè. Títí dòní, bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, ọ̀rọ̀ Èkó ni wọ́n ń sọ: ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, kànga tí omi rẹ̀ dùn, igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn onílẹ̀ gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n. Èmi wá jẹ́ àlejò àwọn àlejò. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ará Ìkòròdú a máa fa ọ̀rọ̀ bí ẹni fa ọkọ̀ gun iyanrìn. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tí mo bá dé yàrá mi, ẹ̀rín náà á tán.

Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ mí di ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ìlú yìí, ẹ̀yin lẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ní etídò Ìkòròdú, ọjọ́ tí ẹ ń sìn mí lọ, ẹ di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ẹ ní ẹrù mi kò pọ̀, àmọ́ ẹ ti fi iṣẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ẹ ní obìnrin tó bá mọ òróró ìyàwó ilé wa í ṣe, kò sí ìlú tó máa dé tí wọn kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi kọjá Agbówà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi nu ojú mi.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òróró náà jẹ́, òróró tí wọ́n fi ń pa ìyàwó lára lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Òórùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni dáńdá, gbòǹgbò koríko tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi. Òórùn ilẹ̀ ló ní, irú èyí tó ń dìde nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bá eruku. Èkejì ni efinrin tí gbogbo wa ń jẹ, òórùn ewé tútù, tó ta, tó ń jí imú. Bí a bá fi dáńdá nìkan para, ó wúwo, ó máa ń rán èèyàn létí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Bó bá sì jẹ́ efinrin nìkan, ìyàwó á máa rùn bí ẹni tó ń ti ìdí ọbẹ̀ bọ̀. Àmọ́ bí a bá so wọ́n pọ̀ bó ṣe yẹ, ilẹ̀ á gbé ewé ró, ewé á mú ilẹ̀ fúyẹ́. Ìyàwó tó bá para á dà bí ẹni tó gba inú oko kọjá lẹ́yìn òjò. Ìyá bàbá mi ló gbé iṣẹ́ náà wọ ilé wa, ọwọ́ wọn lẹ ti gbà á.

Èmi náà sì rò pé ọwọ́ yín ni mo ti gbà á. Láti kékeré ni mo ti ń bá yín ṣe é. Èmi ni mo ń wa dáńdá. Ẹ ó fi mí sínú ọkọ̀, mo máa lọ bá àwọn àbúrò yín ní Agbówà, mo máa wọ inú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún. Eṣúṣú ti mu ẹ̀jẹ̀ mi tó. Mo mọ̀ pé a kì í fà á, nítorí pé ó máa já, ìdajì rẹ̀ á kù sílẹ̀. Igi kúkúrú la fi ń wa ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ èyí tó ti gbó nípa kí n kàn ṣẹ́ ẹ ní etí kí n sì gbóòórùn rẹ̀. Mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń ha á, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́, mo máa ń sá a. Ẹ máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín pé Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ dáńdá. Orí mi á wú.

Tí a bá ti gé ti ìsinsìnyí tán, tí ó gbẹ, ẹ ó ní kí n tún lọ sí Agbówà lọ wa ti ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ á ti wà létídò. Nígbà tí mo bá fi máa padà dé, ìkòkò á ti wà lára ògiri, ẹ ó ti fi amọ̀ lẹ ìdérí rẹ̀. Mo bi yín léèrè ìgbà tí èmi náà máa pa ìkòkò dé. Ẹ ní ọwọ́ ọmọge kì í pa á dé, pé ilé ọkọ ni mo ti máa ṣe é. Ẹ ní kò tilẹ̀ le: kí n mú òróró àgbọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n da dáńdá sí i, kí n já efinrin tútù lé e, kí n pa á dé. Mo gbà. Ta ni kò ní gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́?

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́. Mo rí dáńdá létí ọ̀sà, ó tilẹ̀ sanra ju ti Agbówà lọ. Mo gbin efinrin sẹ́yìn ilé. Ìkòkò àkọ́kọ́ tí mo ṣí, òórùn náà jáde, gbogbo àwọn ìyàwó ilé sá wá. Mo rò pé ayé mi ti dára. Mo tà á, wọ́n ń rà á, wọ́n ń bèèrè orúkọ mi. Kò pẹ́ tí oṣù tuntun yọ ni ewé inú rẹ̀ kú. Òórùn rẹ̀ kàn wábi gbà. Èyí tó kù nílẹ̀ kì í tún ṣe òórùn ilẹ̀ rere mọ́, ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ tí omi ti fà lára rẹ̀. Òróró náà sì kan.

Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi sùúrù bá mi lò. Ìyá Sábítíù ni kò rí bẹ́ẹ̀ fún. Obìnrin yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bá ọba wọn wá, ìlú ń wo ojú rẹ̀. Ó ra òróró lọ́wọ́ mi de ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e pamọ́. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n wẹ ọmọ tán, wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lára. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti dé ọrùn ọmọ. Wọ́n ní ọmọ náà bú sẹ́kún. Wọ́n tún fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn àna ń dúró níta, oòrùn ń kan àtàrí. Èmi náà wà láàárín àwọn àlejò, mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo ń retí kí wọ́n dárúkọ mi.

Wọ́n dárúkọ mi lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sábítíù fúnra rẹ̀ gbé ìkòkò náà wá, ó gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa. Kò pariwo. Ó ní òun kò bá mi jà, pé ohun tí wọ́n bá kọ́ èèyàn nílé ni èèyàn ń ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Mọ́ríámọ̀ kò lè lọ pọnmi kí wọ́n má pè é ní ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ sọ́jà, ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí, ìyá mi. Mo ránṣẹ́ sí yín. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ń lọ sí Ìkòròdú ni mo ń bẹ̀ pé kí wọ́n bá mi bi yín ohun tí mo ṣì ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n sọ fún mi pé kí n máa fọwọ́ mi dáadáa. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi ń bó. Mo tún ránṣẹ́. Ẹ ní efinrin Ẹ̀pẹ́ ni kò dára, kí n máa já a kí oòrùn tó ràn. Mo ń já a nínú ìrì. Mo tún ránṣẹ́, ẹ ní láti kékeré ni mo ti jẹ́ oníwàǹwára ọmọ, pé ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe òróró ìyàwó.

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ mi ló burú. Bí mo bá ń ṣe nǹkan oṣù, n kì í sún mọ́ ìkòkò. Mo bẹ àwọn alfa kí wọ́n ṣàdúà sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá gún iyán tó dùn, ó ń yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ yìí náà ni. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, kí n máa bá òun ta ẹja. Mo ní rárá, pé ẹ̀yin kò lè fi iṣẹ́ tí kò dára rán mi jáde, pé èmi ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin ni mo ń gbèjà lójú ọkọ mi, ìyá mi. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá ni mo bá Làmídì lọ sí ọjà Èjìnrìn, mo fẹ́ ra àgbọn. Imú mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Láàárín òórùn ẹja àti epo àti èrò, mo gbóòórùn yàrá yín. Mo dúró. N kò sọ fún ọkọ mi, mo kàn ń tẹ̀ lé òórùn náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn oníyọ̀, mo gba ẹ̀yìn àwọn ẹlẹ́ní, àfi bí mo ṣe já sí ìdí ọjà Ràbí ìyàwó wa. Ìkòkò ilé wa ló tò síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó ń pè mí ní ọkọ mi, ọkọ mi. A dì mọ́ra, a sunkún ayọ̀, a bèèrè ara ilé.

Ó ní àdó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ tà. Mo bi í kí ni ìyẹn. Ó ní òróró èṣí ni, pé òun fi ń han àwọn oníbàárà pé òróró ilé wa kì í yí padà. Mo ṣí i. Ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ewé wà lórí rẹ̀, tútù, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Mo ní tèmi kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ràbí rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá n kì í jẹ́ kí ewé sùn pẹ́ tó lórí dáńdá ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó.

Mo ṣe bí ẹni tó mọ̀. Mo bi í báwo lòun ṣe ń ṣe tòun. Ó rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ara rẹ̀ yá, ó fẹ́ kí n rí i pé òun mọ iṣẹ́ ilé. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun, kí làálì ẹsẹ̀ òun tó ṣí. Ó ní ẹ pè òun wọ yàrá, ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ ní ìyàwó ló ni ilé, pé kí òun má ṣe é lójú àwọn ọmọbìnrin ilé nítorí pé wọ́n máa gbé e lọ sílé onílé. Ó wo ojú mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi, ẹ má bá Ràbí jà. Ẹni tó gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni kò mọ̀ pé abọ́ ẹlòmíràn ni.

A wọ ọkọ̀ padà. Làmídì bi mí bóyá orí ń fọ́ mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Agbówà ni mo ń rò. Mo rí ara mi nínú ẹrẹ̀ yẹn, ọmọge tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun nìkan ni ìyá òun fọkàn tán láti wa dáńdá. Mo rò pé iṣẹ́ lẹ ń rán mi. Ẹ ń lé mi kúrò nílé ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé mi sínú ọkọ̀ tí ẹ sì ń juwọ́ sí mi, ẹ ó padà lọ tẹ́ ewé lórí dáńdá tí mo fi ọwọ́ mi gé. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu.

N kì í ṣe ọmọdé, mo mọ àṣà. Ọmọbìnrin a máa lọ, ìyàwó a máa wọlé, iṣẹ́ ilé sì ní láti bá ẹni tó kù nílé gbé. Ká ní ẹ pè mí jókòó, kí ẹ sọ pé Àbẹ̀kẹ́, èyí kì í ṣe tìrẹ, lọ máa ta ẹja. Màá sunkún, màá sì gbà, màá ta ẹja. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ gé ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà, ẹ gbé arọ fún mi, ẹ ní kí n máa bá a sáré. Nígbà tó ṣubú, ẹ ní ọwọ́ mi ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, ìyá mi. Orí tèmi wọ́, ẹ sì ń sọ fún ọlọ́jà pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Ohun tí n kò sì lè gbàgbé ni ọṣẹ ìyá yín. Ṣé ẹ rántí? A jókòó, à ń gé dáńdá, ẹ ń sọ fún mi bí ìyá yín ní Agbówà ṣe máa ń se ọṣẹ tí àwọn èèyàn ń wá rà láti ọ̀nà jíjìn, tí wọn kò sì kọ́ yín. Ẹ ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n kọ́. Ẹ fi etí aṣọ nu ojú. Ẹ ní títí wọ́n fi kú, ẹ kò fi ọṣẹ náà wẹ̀ mọ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo di ọrùn yín mú, mo ní kí ẹ má sunkún. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ wa méjèèjì. Lẹ́yìn tí a gé e tán lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní ọkọ̀ Agbówà ti fẹ́ lọ.

Ó ti tó. Ẹ̀yin ọmọbìnrin ilé wa, ẹ sún mọ́ alfa. Ẹ̀yin náà ọmọ mi lẹ jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa lọ lọ́la. Ẹ gé dáńdá wẹ́wẹ́, ẹ sá a kó gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ẹ já efinrin lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ lára rẹ̀, ẹ má já a nínú ìrì bí wọ́n ṣe sọ fún mi. Ẹ tẹ́ ẹ lé orí dáńdá, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí atẹ́gùn ń gbà tí oòrùn kì í dé. Ẹ máa yí ewé náà. Ewé á máa rọ, omi inú rẹ̀ á máa lọ, dáńdá á sì máa fa òórùn rẹ̀ mu. Nígbà tó bá ti rọ bí aṣọ àlòkù, tó ṣì ń jẹ́ ewé, tí kò tíì rún lọ́wọ́, ẹ kó méjèèjì papọ̀ sínú ìkòkò. Ẹ da òróró àgbọn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e, kí ìka lè gbà á. Ẹ pa á dé. Omi inú ewé tútù ló ń ba òróró jẹ́. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọwọ́ burúkú.

Ìyá mi, bí ẹ bá ti dìde láti gba ìwé náà, ẹ jókòó. Wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ó ku ẹyọ kan. Ràbí pàápàá kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà kò mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló fọ́ àmù mi, mo kó àpáàdì rẹ̀ dà síta, oòrùn pa á títí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sórí rẹ̀, òórùn tó jáde lára rẹ̀ mú mi dìde lórí ẹní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Àdó tí mo fi rán ọlọ́kọ̀ sí yín pẹ̀lú ìwé yìí, òróró náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i, kí gbogbo ilé gbóòórùn rẹ̀. Ìyá Sábítíù ti wá sílé mi, ó wá ra ti ọmọ rẹ̀ kékeré. Kò sọ̀rọ̀ àná, èmi náà kò sọ ọ́. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí, ó wá bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mo ti kọ́ ọ. Mo gba ìkòkò ọwọ́ rẹ̀, mo rọ òróró sí i. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ra òróró ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ báyìí.

Mo ti kọ́kọ́ pinnu pé n kò ní sọ ti àpáàdì yìí nínú ìwé. Mo ní kí ẹ wá sí Ẹ̀pẹ́ wá bèèrè lẹ́nu mi, kí èmi náà gbé yín sínú ọkọ̀ kí n juwọ́ sí yín. Ó dùn lọ́kàn mi púpọ̀. Lánàá ni Mọ́ríámọ̀ bá mi nídìí ìkòkò, ó ní kí lòun ń gbóòórùn yìí. Mo rí i pé ẹnu mi ti ń là láti rán an níṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo fà á jókòó, mo fi hàn án. Nítorí náà ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: àpáàdì àmù tó ti gbé omi pẹ́, tí oòrùn ti pa dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná díẹ̀, kó wà nísàlẹ̀ ìkòkò kí dáńdá àti ewé tó wọlé. Kò sí ohun mìíràn. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn, n kò gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

N kò tíì dárí jì yín. Alfa Yìsá ní kí n sọ pé mo ti dárí jì yín, mo ní irọ́ kò sí nínú ìwé yìí. Tí ó bá kúrò lọ́kàn mi lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ máa gbé e wá fún yín. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn títí ọjọ́ náà fi máa dé. Kí ojú yín má fọ́, kí imú yín má dí, kí oúnjẹ má korò lẹ́nu yín. Kí Bùráímọ̀ rí owó ná, kí Ràbí bí tibi tire, kí àwọn ọmọbìnrin ilé wa dé ilé ọkọ pẹ̀lú ohun tó pé lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò, ẹ bá mi kí àwọn àbúrò yín ní Agbówà. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹrẹ̀ yẹn sinmi.

Èmi ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yín tí ẹ rán lọ wa dáńdá, tó ti padà dé.